Àgò Onílé O! Ẹ̀tọ́ Ayálégbé àti ti Onílé Nígbà Tí Ẹrù Bá Ń Jáde

Lọ́dọọdún, nígbà tí ọlidé ńlá bá ń parí lọ, ẹsẹ̀ a máa pọ̀ lójú ọ̀nà tó ti Soclogbo lọ sí Dassa-Zoumè. Àwọn ọmọ wa tó yege ìdánwò baccalauréat a máa di ẹrù lọ sí Abomey-Calavi tàbí Parakou, láti yá yàrá nítòsí yunifásítì. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera tí ìjọba gbé kúrò lọ́dọ̀ wa a máa palẹ̀ ẹrù tiwọn mọ́, àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá a sì máa béèrè yàrá kiri. Ayọ̀ ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń wọlé. Ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń jáde yàtọ̀ gan-an. Ọ̀kan á ní onílé kò dá owó ìdógò òun padà. Òmíràn á ní onílé fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sì mú àlejò wọ inú yàrá nígbà tí òun kò sí nílé. Onílé náà á dáhùn pé ayálégbé òun kó jáde lóru, ó sì fi gbèsè iná mànàmáná sílẹ̀ fún òun láti san.

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, a sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà àti ìtàn ilẹ̀ Ìdáàṣà. Ọ̀rọ̀ ilé yíyá náà ti di ara ìgbésí ayé wa báyìí, torí pé kò sí agbo ilé kan tí kò ní ọmọ tó ń gbé ilé ẹlòmíràn. A fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka àpilẹ̀kọ yìí mọ ohun kan dájú: ẹni tó kọ́lé ló ni ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ilé ló ni gbígbé inú rẹ̀, títí di ọjọ́ tí ó bá fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Ìwé ìkójáde kò gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Ọjọ́ tí a jọ fẹnu kò sí nìkan ló ń gbà á.

Àgò, kí òfin tó dé

Àwọn baba wa kò nílò ìwé òfin kí wọ́n tó mọ̀ pé a kì í já wọ yàrá ẹni. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà a ké àgò, a sì dúró títí ẹni tó wà nínú ilé yóò fi dáhùn pé àgò yà. Bí baálé ilé fúnra rẹ̀ bá fẹ́ wọ yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní láti ké àgò. Òun ló kọ́ ilé náà, òun ló fi páànù bò ó, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú yàrá tí ìtìjú rẹ̀ yẹ ní bíbò.

Òfin tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa sọ ohun kan náà. Òfin Ìpìlẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, nínú abala rẹ̀ ogún, sọ pé ibùgbé ènìyàn kò ṣe é já wọ̀. Ìlànà tí òfin là sílẹ̀ nìkan ni a lè fi wọlé ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀. Abala yìí kò ya ilé tí a kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tí a yá. Ibi tí ènìyàn ń sùn, tí ó kó aṣọ àti ìwé rẹ̀ sí, ni ibùgbé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yá yàrá kan ṣoṣo ní Calavi ní ibùgbé gẹ́gẹ́ bí ọlọ́lá tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe ní.

Nítorí náà, pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ onílé kò túmọ̀ sí pé ó ti gba àṣẹ. Ìgbà pàjáwìrì wà lóòótọ́: bí iná bá ń jó, bí omi bá ń ya láti inú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ní kí onílé dúró kí ó máa ké àgò. Lẹ́yìn irú èyí, ó ní láti béèrè, kí ó sì dúró de ìdáhùn.

Ohun tí òfin sọ nípa ilé yíyá

Òfin méjì ló yẹ kí a mọ̀. Èkíní ni Code civil, tí àwọn Faransé ṣe ní ọdún 1804, tí ìjọba amúnisìn sì mú wá sí ilẹ̀ wa. Abala 1719 nínú rẹ̀ di ẹrù mẹ́ta lé onílé lórí: kí ó fi ilé náà lé ayálégbé lọ́wọ́, kí ó tọ́jú rẹ̀ kí ó lè wúlò fún ohun tí a torí rẹ̀ yá a, kí ó sì jẹ́ kí ayálégbé gbé inú rẹ̀ ní àlàáfíà ní gbogbo ìgbà tí àdéhùn náà bá fi wà. Abala 1728 sì di ẹrù méjì lé ayálégbé lórí: kí ó lo ilé náà bí ọmọlúwàbí, kí ó sì san owó rẹ̀ ní àsìkò tí wọ́n jọ fẹnu kò sí.

Èkejì ni òfin tí àwa fúnra wa ṣe, òfin 2018-12 ti ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2018, tó dá lórí yíyá ilé fún ìgbé ní Benin. Òfin yìí jáde nítorí pé ìnira ti pọ̀ jù fún àwọn ayálégbé ní àwọn ìlú ńlá, níbi tí onílé mìíràn ti ń béèrè owó oṣù mẹ́fà tàbí ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí àdéhùn wà ní kíkọ. Ó sì fi ààlà sí owó ìdógò, èyí tí a mọ̀ sí caution: kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kó owó fún ọmọ tó ń lọ sí Cotonou, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó tú àpò.

Láàárín ìwé ìkójáde àti kọ́kọ́rọ́

Àsìkò tí ìjà sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni àkókò kúkúrú tó wà láàárín ọjọ́ tí ayálégbé sọ pé òun ń lọ àti ọjọ́ tí ó lọ. Onílé fẹ́ fi yàrá náà han ẹlòmíràn kí ó má baà ṣófo, ìfẹ́ rẹ̀ yìí sì bófin mu. Ayálégbé náà ṣì ń sùn níbẹ̀, ó ṣì ń sanwó, ó sì ní ẹ̀tọ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Báwo ni a ṣe ń mú ẹ̀tọ́ méjèèjì gbé pọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ṣe é níbòmíràn tí àwọn ènìyàn wa wà. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1989 sọ pé bí àdéhùn kan bá fi ipá mú ayálégbé láti jẹ́ kí wọ́n máa wá wo ilé ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba, tàbí fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, a ó ka gbólóhùn náà sí ohun tí a kò kọ rárá. Ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìdáàṣà ti ń ṣòwò, òfin ilé yíyá tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi lélẹ̀ ní ọdún 2011 ní kí ayálégbé gba onílé láàyè láti wá wo ilé ní ojúmọmọ, ní wákàtí tó bójú mu, lẹ́yìn tí onílé bá ti fi ìwé sọ tẹ́lẹ̀. Òfin kan náà fún ẹni tó ń san owó lóṣooṣù ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ó sì fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà, bí àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn.

Ilẹ̀ méjèèjì kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò: onílé yóò wá, ṣùgbọ́n yóò sọ tẹ́lẹ̀; ayálégbé yóò ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ní wákàtí tí wọ́n jọ mọ̀. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín láìdúró de adájọ́. Ohun tí a nílò kò ju ìwé pélébé kan lọ, irú èyí:

*Èmi, tí mo ń gbé yàrá kejì nínú ilé yín, ń fi ìwé yìí sọ fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé n ó kó jáde ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi yàrá náà han ẹnikẹ́ni, ẹ lè mú un wá ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo bá wà nílé. Mo bẹ̀ yín kí ẹ yan ọjọ́ tí a ó jọ yẹ yàrá náà wò, kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́.*

Kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí onílé fọwọ́ sí èyí tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ. Bí onílé kò bá mọ̀wé, ka ìwé náà sí i létí níwájú ẹlẹ́rìí kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, kí ẹlẹ́rìí náà sì fọwọ́ sí i.

Kò sí ohun tó ń dín ọjọ́ wọ̀nyẹn kù lẹ́yìn tí a bá ti fẹnu kò. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn Kátólíìkì bá ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arígbó ní Dassa-Zoumè láti júbà Màríà Wúńdíá, onílé lè rí ẹni tí yóò fi owó ńlá gba yàrá fún ọjọ́ mélòó kan. Owó náà dára, ṣùgbọ́n bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá fún ayálégbé tó ti sanwó rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá náà kì í ṣe ti onílé láti tà. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè jọ dúnàádúrà. Kí wọ́n má ṣe gbé ẹrù ẹnikẹ́ni síta.

Owó ìdógò: ta ni yóò jẹ́rìí?

A dé ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa jù lọ. Ká ní ọmọ kan yá yàrá ní ẹgbẹ̀rún méjìlá fáráǹkì CFA lóṣù, tí ó sì san owó ìdógò oṣù mẹ́ta. 36.000 fáráǹkì ló wà lọ́wọ́ onílé yẹn. Ọmọ náà kó jáde, onílé ní ògiri ti dọ̀tí, ilẹ̀kùn ti ń dún, gíláàsì fèrèsé kan ti fọ́, gbèsè iná sì wà. Ó ní owó náà ti tán. Ṣé òótọ́ ni?

Code civil ní ìdáhùn. Abala 1730 sọ pé bí onílé àti ayálégbé bá ti jọ kọ bí ilé ṣe rí sílẹ̀ nígbà tí a ń wọlé, èyí tí à ń pè ní état des lieux, bí ayálégbé ṣe gbà á ni yóò ṣe dá a padà, àyàfi ohun tó bàjẹ́ nítorí ọjọ́ orí tàbí nítorí agbára tó ju ti ènìyàn lọ. Abala 1755 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ayálégbé kò ní san owó àtúnṣe ohun tí ogbó bà jẹ́. Ọ̀dà tí oòrùn ṣá láàárín ọdún mẹ́ta, páànù tó dípẹtà, símẹ́ǹtì ilẹ̀ tó ṣán nítorí pé ilé ń jókòó: àwọn wọ̀nyí jẹ́ ti onílé. Gíláàsì tí bọ́ọ̀lù fọ́, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, ihò ìṣó tó kún ara ògiri: àwọn wọ̀nyí jẹ́ ti ayálégbé.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí abala 1731, torí pé òun ló ń jẹ ọmọ wa níyà. Ó ní bí a kò bá kọ bí ilé ṣe rí sílẹ̀, a ó gbà pé ayálégbé gba ilé náà ní ipò tó dára, àyàfi tí ó bá lè mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ti fọ́ tẹ́lẹ̀, tí kò sì kọ nǹkan kan, lè san owó fèrèsé tí kò fọ́. Ọjọ́ tí à ń wọlé ni a ti ń gbèjà owó ìdógò, kì í ṣe ọjọ́ tí à ń jáde.

Iṣẹ́ náà kò pọ̀. Ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé, òrùlé àti ibi ìwẹ̀ kí ẹrù tó wọlé, kí o sì fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ àti wákàtí lè wà lára rẹ̀. Kọ nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹtọ́ iná àti ti omi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ décompteur ni onílé fi pín iná fún àwọn yàrá, kọ ti décompteur yàrá tìrẹ. Ní ọjọ́ ìjáde, ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, níṣojú onílé. Bí wọ́n bá wá rí i pé gbèsè iná jẹ́ 4.500, tí gíláàsì sì jẹ́ 3.500, a ó yọ 8.000 kúrò nínú 36.000. Owó tó yẹ kí ọmọ náà gbà lọ ni 28.000, pẹ̀lú ìwé tó sọ ohun tí a yọ àti ìdí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń sá fún ìjà yìí nípa pé wọn kì í san owó oṣù tó gbẹ̀yìn. Wọ́n á ní kí onílé jẹ ẹ́ nínú caution. Èyí kò tọ́, bí onílé kò bá gbà á tẹ́lẹ̀. Owó ilé wà fún ìgbé, owó ìdógò wà fún ìbàjẹ́ àti gbèsè. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ti fún onílé ní àwáwí tó ń wá.

Níbi tí kò sí ìwé

Ẹ lè sọ pé ní Soclogbo, ta ni ń kọ ìwé fún yàrá ẹgbẹ̀rún márùn-ún? Bàbá onílé mọ bàbá ayálégbé, ọ̀rọ̀ ẹnu sì tó. A kò kẹ́gàn ọ̀rọ̀ ẹnu. Code civil pàápàá kò kẹ́gàn rẹ̀: abala 1736 sọ pé bí ilé yíyá kò bá ní ìwé, iye ọjọ́ tí ìṣe ibẹ̀ là sílẹ̀ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì kí ó tó lè ní kí ó kúrò. Òfin tó ti òkè òkun wá bi wá léèrè pé kí ni ìṣe yín. Ó yẹ kí a ní ìdáhùn tó dúró.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn àgbà wa, àwọn olórí abúlé àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, kí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sì là á sílẹ̀: ọjọ́ mélòó ni a ń fún ara wa? Ta ni ń ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń yẹ yàrá wò? Olùkọ́ tó wá láti Atacora tàbí láti Mono kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni níbí. Bí ìṣe wa kò bá hàn sí i, ojú rere onílé nìkan ni ààbò rẹ̀, ojú rere kì í sì í ṣe ẹ̀tọ́. Ìlú tó bá tọ́jú olùkọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa títí di ọjọ́ tí ó ń lọ ni olùkọ́ mìíràn yóò fẹ́ wá.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ìfẹnukò

Onílé náà ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó. Opó kan lè máa fi owó yàrá méjì jẹun, kí ayálégbé sì jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́rin, kí ó ti ilẹ̀kùn pa, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú a bí i, ó sì lè fẹ́ já àgádágodo, kí ó kó ẹrù síta, tàbí kí ó ní kí wọ́n ṣí páànù orí yàrá náà. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san, ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè di ẹni tí a ṣẹ̀, ó sì lè ní ẹrù tí kò sí níbẹ̀ rí ti sọnù. Adájọ́ nìkan ló láṣẹ láti lé ènìyàn jáde nínú ilé, huissier sì ni a ń rán pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́, àtẹ̀gùn mìíràn wà. Àkọ́kọ́, ìjókòó níwájú ẹlẹ́rìí tí a jọ yàn, kí oníkálukú mú ìwé owó àti fọ́tò rẹ̀ wá. Èkejì, olórí abúlé tàbí olórí arrondissement. Ẹ̀kẹta, ilé ẹjọ́ ìlàjà, tribunal de conciliation, tí òfin ètò ìdájọ́ ilẹ̀ wa ti ọdún 2002 fi àyè sílẹ̀ fún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti bá àwọn tó ń jà wá ìrẹ́pọ̀. Bí gbogbo èyí kò bá yanjú rẹ̀, a ó lọ sí tribunal de première instance. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ja ilẹ̀kùn tàbí pé ó lu ẹnì kejì, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó ilé. Ọlọ́pàá ni a ń ké sí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ wo ilé náà dáadáa, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ gba ìwé fún gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ sì sọ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kó jáde. Ẹ gbá yàrá mọ́, ẹ kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé. Ẹ̀yin onílé, ẹ ka owó ìdógò sí owó àfipamọ́ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí ẹ má ṣe ná an bí ẹni tó rà ọjà. Títí di ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yóò fi padà sọ́wọ́ yín, bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ẹ ké àgò, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn.